Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Káàdì Lórúkọ

Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé jù nù. Káàdì kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, àwọn pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tí a máa ń kì bọ ihò inú kọ̀ǹpútà kí ó lè dún, kí ó lè gbé àwòrán sójú, tàbí kí ó lè bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé, wọn kò ní dísíkì. Àwọn tó kọ́kọ́ rà wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Jámánì ti gbàgbé wọn. Inú ikùn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ ojú omi fi gbé wọn dé Apápá, wọ́n sì dé ọwọ́ mi láìní orúkọ. Kò sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn tó kí n mú ọ̀kan nínú wọn, kí n gbé e sábẹ́ iná, kí n sì máa wò ó títí yóò fi sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.

Nítorí dírẹ́bà ni mo ṣe ń wá orúkọ náà. Dírẹ́bà tí àwa oníkọ̀ǹpútà ń wí ni ètò kékeré tí ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe lo káàdì: ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn, ohun tí yóò sọ níbẹ̀, àti bí yóò ṣe mọ̀ pé káàdì ti parí iṣẹ́ tí a rán an. Káàdì tí kò ní dírẹ́bà dà bí àlejò tó wọ ìlú tí ẹnì kan kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àlejò náà kì í ṣe odi, ògbufọ̀ ni kò ní. A kò sì lè bá a wá ògbufọ̀ láìmọ ìlú tó ti wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ náà ni a óò fi wá dírẹ́bà.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. N kò tíì lò ju oṣù méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ní kí n yẹ káàdì ohùn kan wò. Mo kì í bọ kọ̀ǹpútà, mo tan án, kò dún. Mo yọ ọ́, mo tún un kì, kò dún. Mo mú un tọ ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó, káàdì yìí ti kú."

Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"N kò mọ̀, sà. Sítíkà rẹ̀ ti bó."

"O kò mọ orúkọ rẹ̀, o wá ń kéde ikú rẹ̀. Ṣé o pè é ni, tí kò dá ọ lóhùn?"

Ó fi díńgí tí ń mú nǹkan tóbi lé mi lọ́wọ́, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ka ara káàdì láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Lórí chip tó tóbi jù níbẹ̀ ni mo ti rí ES1868. Iléeṣẹ́ ESS ló ṣe é. Ìgbà tí a rí dírẹ́bà ESS fún un, káàdì tí mo ti sin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé nínú iṣẹ́ wa, ọ̀pọ̀ òkú ni kò kú. Àìmọ orúkọ ló pa wọ́n.

Ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ìyẹn etí káàdì tí a fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí a ń kì bọ ihò. Ẹsẹ̀ ló ń sọ ìran tí káàdì ti wá. Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ihò márùn-ún ló ní, ojú irin 62 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí PC/AT dé ní 1984, wọ́n fi ìrù kún ihò náà, ojú irin 36 sí i. Ìran méjèèjì yìí ni à ń pè ní ISA, ihò wọn sì máa ń dúdú, ó máa ń gùn. Ní 1987, IBM gbé MCA jáde pẹ̀lú PS/2, ó sì ń béèrè owó àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Iléeṣẹ́ mẹ́sàn-án, tí Compaq ṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kéde EISA tiwọn ní 1988. Ọdún 1992 ni VLB dé fún káàdì àwòrán tó ń sáré, ọdún yẹn kan náà sì ni Intel gbé PCI jáde, ihò funfun kúkúrú tó padà borí gbogbo wọn. AGP tẹ̀lé e ní 1997.

Mo lè dá wọn mọ̀ nínú òkùnkùn báyìí, ìka ọwọ́ mi ti mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ti mọ ẹsẹ̀ ti dín ọ̀nà rẹ̀ kù. Káàdì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti 1981 kì í sábà ní dírẹ́bà Windows 98 tí à ń wá kiri fún un. Inú DOS ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ojú ló kàn. Láyé ìgbà kan, bí àlejò bá wọ ọjà, kò dìgbà tó bá lanu kí a tó mọ ilé rẹ̀. Àbàjà, pélé tàbí gọ̀ǹbọ́ tó wà lójú rẹ̀ ti sọ ọ́. Káàdì náà kọlà, ara chip ni ilà rẹ̀ wà. Yamaha, tí chip YM3812 rẹ̀ wà nínú káàdì orin AdLib ti 1987, máa ń fi irin ẹlẹ́nu méjì tí àwọn olórin fi ń wá ohùn ṣe àmì, mẹ́ta rẹ̀ tó dábùú ara wọn. Alákàn kékeré kan ni Realtek ti Taiwan ń tẹ̀ sórí tirẹ̀. Mo fẹ́ràn àmì yẹn gan-an. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ jù lọ.

Bí erùpẹ̀ bá bo chip, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì díẹ̀ nù ún. Bí lẹ́tà orí rẹ̀ bá ti ṣá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji á gbé lẹ́tà náà dìde. Bí sítíkà bá bo chip ńlá, mo rọra ń ṣí i, torí ìnagijẹ tí oníṣòwò fún káàdì ló sábà máa ń wà lórí sítíkà. Orúkọ àbísọ rẹ̀ wà lábẹ́. Àfi bí sítíkà náà bá bo fèrèsé díńgí kékeré lórí chip ìrántí. Èyí n kì í fọwọ́ kàn, nítorí ìtànṣán oòrùn lè pa ohun tí a kọ sínú rẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìnagijẹ àti àbísọ yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Iléeṣẹ́ kan ló ṣe chip, iléeṣẹ́ mìíràn ra chip náà, ó tò ó sórí pátákó, ẹlòmíràn sì lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ páálí. Ẹni tó bá ń fi orúkọ páálí wá dírẹ́bà lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ wo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì NE2000 tí Novell gbé jáde nígbà náà lọ́hùn-ún. Orí chip DP8390 ti National Semiconductor ni wọ́n gbé e lé. Kò pẹ́ tí àwọn ará Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, ó dọ́gba, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí kò ṣe. Lónìí, nínú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ISA mẹ́wàá tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ ilé NE2000 ni, ohun yòówù tí sítíkà ìbáà wí. Dírẹ́bà kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ ìdílé ti mọ ọgọ́rùn-ún ọmọ.

Síbẹ̀, ìdílé nìkan kò tó, torí àmì tó kéré jù lọ lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ Yorùbá mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹni tó bá fo àmì á gbé ọkọ́ nígbà tí wọ́n ní kó wọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni RTL8019AS àti RTL8029AS. Alákàn kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì, nọ́ńbà kan péré ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n ISA ni èkíní, PCI ni èkejì. 3C905, 3C905B àti 3C905C ti 3Com náà rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ìkẹyìn ni ohùn wọn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà chip sínú ìwé bó ṣe wà gan-an, kí wọ́n má ṣe fo lẹ́tà kankan, kódà èyí tí kò yé wọn.

Bákan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kì í ṣe orúkọ. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń rí 94V-0 lára pátákó, tí inú rẹ̀ á dùn pé òun ti rí nọ́ńbà káàdì. Ìdánwò iná ni 94V-0. Ó ń sọ pé bí pátákó náà bá gbaná, iná rẹ̀ á tètè kú. Ọ̀pọ̀ káàdì ló ní in lára. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì UL, ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe pátákó lásán, kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí a tò lé e.

FCC ID yàtọ̀ sí èyí. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń fún iléeṣẹ́ ní àmì yìí nítorí ẹ̀rọ tó lè da rédíò láàmú, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí káàdì àtijọ́ sì ń tọ́ka sí iléeṣẹ́ tó gba àṣẹ. Àkọsílẹ̀ ìjọba ni, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni chip kò ti sọ fún mi ju ìdajì ìtàn lọ, tí FCC ID sì parí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní àmì ìdílé tiwọn. Creative, iléeṣẹ́ tí Sim Wong Hoo dá sílẹ̀ ní Singapore, tó gbé Sound Blaster jáde ní 1989, máa ń kọ CT àti nọ́ńbà mẹ́rin sára káàdì rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé láti wá CT yìí. Orúkọ kan ṣoṣo ni Sound Blaster 16 lẹ́nu ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ káàdì tó yàtọ̀ síra nínú ló ń jẹ́ orúkọ náà. CT1740 wà lára àwọn àkọ́bí rẹ̀. Àwọn kan lára àbúrò rẹ̀ ń fẹ́ jumper, ìyẹn ike kékeré tí a fi ń yan àyè fún káàdì, àwọn kan kò ní jumper rárá.

Ọjọ́ ìbí náà wà lára chip. Nọ́ńbà mẹ́rin ni: méjì ọdún, méjì ọ̀sẹ̀. 9637 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì ọdún 1996. Chip tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni mo fi ń mọ ọjọ́ orí káàdì, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè to káàdì kí chip orí rẹ̀ tó dé ayé.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, bí ẹnì kan bá ti ha orúkọ chip kúrò, mo ṣì ní ọ̀rẹ́ kan: agolo irin kékeré aláwọ̀ fàdákà tí à ń pè ní crystal, tó ń lu ìlù tí káàdì ń bá jó. Ìró ìlù náà wà lára rẹ̀ ní nọ́ńbà, iye mílíọ̀nù ìgbà tó ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá rí 16.9344 àti 24.576 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, káàdì ohùn ni mo mú lọ́wọ́. Èkíní jẹ́ ìgbà 384 ìwọ̀n 44,100 tí síìdì orin ń lò. Èkejì jẹ́ ìgbà 512 ìwọ̀n 48,000. Bí mo bá rí 20, mo máa ń fura sí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́gábíìtì mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ 25, mo máa ń fura sí ti ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó gbọ́ ìlù lè mọ ijó kó tó rí oníjó. Ní ọjọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí fúnra mi tó bọ́ síra wọn láìṣẹ́kù, ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ.

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ PCI ti rọ̀ wá lọ́rùn, torí wọ́n gbé orúkọ wọn sínú ara. Àwọn tó ṣe PCI pa á láṣẹ pé káàdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì nínú, ti ilé tó bí i àti ti òun fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè bi í, yóò sì dáhùn, kódà kí a tó rí dírẹ́bà kankan. 8086 ni ti Intel, orúkọ chip wọn ti 1978. 10EC ni Realtek, 5333 ni S3, 102B ni Matrox, 1274 ni Ensoniq, 121A ni 3dfx. Bí mo bá rí 121A:0002, Voodoo2 ni mo bá pàdé. Bí mo bá rí 10EC:8029, alákàn PCI yẹn ni. Lórí Linux, àṣẹ lspci ló ń bá mi bi wọ́n. Martin Mareš ti orílẹ̀-èdè Czech ló kọ ọ́, ìwé orúkọ tó ń lò, pci.ids, sì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ń fi ọwọ́ ara wọn kún láìgba owó.

Káàdì àwòrán ISA náà ní ibi tó pa ìtàn rẹ̀ mọ́ sí. Ètò DEBUG wà nínú DOS. Bí ẹ bá pè é, tí ẹ tẹ d c000:0, nọ́ńbà á tú sójú, 55 àti AA ló sì máa ń ṣáájú, ẹ̀rí pé káàdì náà ní chip ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń kà nígbà tó bá ń jí. Ẹ tẹ d sí i, kí ẹ máa wo apá ọ̀tún. Láàárín àwọn àmì tí kò nítumọ̀ ni orúkọ ilé tó ṣe é àti ọdún á ti yọ jáde. Àwọn káàdì dísíkì líle àtijọ́ sábà máa ń wà ní c800:0. Mo ti bá káàdì tí gbogbo chip orí rẹ̀ ti ṣá pàdé, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti bá mi sọ̀rọ̀.

Ó ní ohun kan tó ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mo ní káàdì ohùn àti modem ISA tó tó ogójì. Mo kì wọ́n bọ kọ̀ǹpútà DOS lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dáhùn. Kò sí jumper lára wọn tí mo lè yí. Mo dájọ́ ikú fún wọn, mo kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, àwọn tó ń fi iná yọ wúrà àti bàbà. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó kà nípa ISA Plug and Play, ètò tí Intel àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1993. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ máa ń sùn nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Ó ń dúró kí ẹnì kan jí i, kí ó sì sọ àyè tí yóò jókòó sí fún un. Windows 95 mọ bí a ṣe ń jí wọn. DOS kò mọ̀, àfi bí a bá fún un ní ètò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ICU ti Intel tàbí CTCM ti Creative. Oorun ni àwọn ogójì náà sùn. Mo sin wọ́n láàyè nítorí pé n kò mọ bí a ṣe ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi padà wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sì sùn dáadáa.

Ní 2005, Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ló ń dé lóṣooṣù, àwọn tó wà nídìí òwò náà sì sọ fún wọn pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà lè jẹ́ ohun tí kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Mo mọ èéfín pàǹtí yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú nípa ogójì tèmi, tí ohunkóhun kò ṣe, tí wọ́n sì jóná pẹ̀lú àwọn tó bàjẹ́.

Bí orúkọ bá ti wà, wíwá dírẹ́bà di iṣẹ́ sùúrù. Mo kọ́kọ́ ń wá ti ẹni tó ṣe chip, lẹ́yìn náà ni mo ń wá ti ẹni tó ta káàdì. Bí mo bá rí àpò fáìlì kan, n kì í sáré fi í sínú kọ̀ǹpútà. Mo kọ́kọ́ ń wá fáìlì tó parí sí .INF, mo ń ṣí i bí ìwé lásán, mo ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti káàdì PCI, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ bíi VEN_10EC àti DEV_8029 níbẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá bá ti káàdì mu, dírẹ́bà rẹ̀ ni. Bí kò bá bá a mu, ohun yòówù tí orúkọ àpò náà ìbáà jẹ́, mo pa á tì. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá dírẹ́bà tó jẹ́ ti káàdì náà mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ilé tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì yìí ti wó. NVIDIA ra dúkìá 3dfx, HP ra 3Com ní 2010, ojú ewé tí wọ́n ti ń pín dírẹ́bà sì ti parẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù, àwọn ènìyàn ló pa á mọ́. Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1996, tọ́jú àwọn ojú ewé tó ti kú. Síìdì tí àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà ń fún olùkàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1990 sókè wà níbẹ̀, dírẹ́bà sì kún inú wọn. Ẹnì kan tí n kò mọ̀, ní ìlú tí n kò dé rí, jókòó, ó da dísíkì tó ti ń kú kọ, ó sì fi í síta fún mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi náà ń da tèmi kọ.

Ní àìpẹ́ yìí ni ìyá kan gbé kọ̀ǹpútà 386 wá bá mi. Bàbá wọn tó ti dolóògbé ló ni ín, olùkọ́ àgbà ni wọ́n.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀wọ́, ìtàn ìlú wa ló wà níbẹ̀. Ogún ọdún ni Bàbá fi kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, mà. A ó wò ó."

Dísíkì líle inú rẹ̀ ṣì ń yí, mẹ́gábáìtì 40. Mo so ó mọ́ okùn USB, kọ̀ǹpútà tuntun kò rí i, torí dísíkì ìgbà náà kò gbọ́ bí àwọn okùn yìí ṣe ń ka àyè orí dísíkì. Ti fúlọ́pì, èyí kan ṣoṣo tó ṣì ń ka nǹkan dáadáa lọ́wọ́ mi, mẹ́gábáìtì 1.44 ló lè gbà. Mo fa páálí abẹ́ tábìlì jáde. Mo wá a kàn: káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ISA kan tí kò ní sítíkà, alákàn lórí chip rẹ̀, RTL8019AS, 9637. Mo fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa nǹkan rẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dán. Mo fi RSET8019, ètò tí Realtek ṣe fún un, yan àyè fún un, mo sì fi fúlọ́pì kan yẹn gbé dírẹ́bà NE2000 wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́:

NE2000 0x60 5 0x300

Mo dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, àdírẹ́sì káàdì náà jáde sójú, báìtì mẹ́fà, mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé tó bí i, mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ tirẹ̀ nìkan láyé. Mo ti pè é, ó ti dá mi lóhùn. Mo lo FTP inú mTCP, ètò tó ń kó fáìlì gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo fáìlì Bàbá sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi kí n tó jẹun ọ̀sán. WordPerfect 5.1 ni wọ́n fi kọ wọ́n, LibreOffice sì ṣí wọn.

Àmì ohùn kò sí nínú ìtàn náà. Nígbà náà, ẹ̀yìn tí wọ́n bá tẹ ìwé jáde tán ni wọ́n máa ń fi bíró sàmì sí i. Ìyá náà jókòó tì mí, wọ́n ń ka orúkọ àwọn àdúgbò wọn láti ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á pe ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún un pè títí ohùn rẹ̀ á fi bọ́ sí i. Wọ́n mú bíró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sórí ìwé tí mo tẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo gé téèpù bébà kan, mo kọ RTL8019AS, ISA, NE2000 sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káàdì náà. Mo mú fúlọ́pì kan yẹn tí dírẹ́bà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo fi rọ́bà dè wọ́n pọ̀, mo sì dá wọn padà sínú páálí. Ẹni tó bá fà á jáde lẹ́yìn mi kò ní bi í léèrè orúkọ.